Oṣù méjì pẹ̀lú irinṣẹ́ AI lórí ọ̀rọ̀ póò ọmọ mi

Nǹkan bí oṣù méjì ni mo fi lo irinṣẹ́ AI kan lórí fóònù mi nígbà tí mo ń kọ́ ọmọbìnrin mi, tí ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì, láti máa tọ̀ àti láti máa yàgbẹ́ sínú póò. Irú irinṣẹ́ tí à ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni, èyí tí ó gba ìgboro kan láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. N kò ní dárúkọ èyí tí mo lò, nítorí wọ́n jọ ara wọn púpọ̀. Èyí tí a kì í sanwó fún ni. Dátà nìkan ni mo ń rà. Àwọn ìyá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oṣù bíi tèmi ní Iléṣà, tí pámpáàsì sì ti ń jẹ owó mọ́ wọn lọ́wọ́, ni mo ń kọ èyí fún.

Láìfi àmì ohùn sí i ni mo kọ ìbéèrè mi àkọ́kọ́, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lórí fóònù. Mo béèrè ohun tí mo lè ṣe sí “ito” ọmọ tí ó ń dà sí aṣọ. Ìdáhùn rẹ̀ gùn, ó sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu ni ó ń sọ: ó ní eyín ni ọmọ ń hù, kí n so aṣọ kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Ìgbà tí mo kọ ọ́ ní “ìtọ̀” ni ọ̀rọ̀ tó yé e, síbẹ̀ Yorùbá tí ó ń kọ kò dán mọ́rán, nígbà tí ó sì yá, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ó dùn mí, nítorí pé ìyá ọkọ mi, tí ọmọ ń wà lọ́dọ̀ wọn jù lọ, kò lè bá a sọ ohunkóhun láìjẹ́ pé mo ṣe ògbufọ̀.

Ibi tí irinṣẹ́ náà ti wúlò fún mi jù ni ètò. Ohun tí ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni kí n jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kí n bọ́ pámpáàsì kúrò nídìí ọmọ, kí n sì máa tẹ̀lé e káàkiri ilé. Olùkọ́ ni mí. Kò sí ọ̀gá ilé ìwé tí yóò fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìtọ̀ ọmọ. Mo wá ṣàlàyé pé agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni a ń jáde nílé, pé ọmọ ń lọ sí jẹ́léósinmi, pé ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń lọ mú un lọ́sàn-án, pé omi kànga ni à ń lò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa sì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ó tó dáhùn, ó bi mí léèrè: ṣé ìdí ọmọ a máa gbẹ fún wákàtí méjì? Ṣé ó lè bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ fúnra rẹ̀? Ṣé ó máa ń sá pamọ́ tí ó bá fẹ́ yàgbẹ́? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ṣe mí láǹfààní ju ìdáhùn èyíkéyìí lọ, nítorí ìgbà yẹn ni mo tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ọmọ mi máa ń lọ dúró sí, tí yóò di ẹsẹ̀ àga mú, tí ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n, ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ó bá mu ẹ̀kọ àárọ̀. Irinṣẹ́ náà sọ ìdí rẹ̀ fún mi: bí oúnjẹ bá ti wọ ikùn, ìfun ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ síwájú, nítorí náà, ẹ̀yìn oúnjẹ ni kí a máa gbé ọmọ lé póò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ó má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ̀yìn àga yẹn gan-an ni mo gbé póò oníke tí mo rà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà sí.

Lórí ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn pé a kì í bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù méjìdínlógún, àfi bí ẹni pé òfin ni. Ní ọdún 1962 ni dókítà ọmọdé ará Amẹ́ríkà kan, T. Berry Brazelton, kọ̀wé pé kí a dúró títí ọmọ yóò fi fi àmì hàn pé òun ti tó kọ́, ohun tí àwọn ará ọ̀hún sì gbà títí dòní nìyẹn. Ọ̀nà tó dára ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìyá ọkọ mi a jókòó lórí àpótí, wọn a na ẹsẹ̀, wọn a gbé ọmọ oṣù mẹ́rin lé ọrùn ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, wọn a máa ṣe “ṣìì, ṣìì” jẹ́jẹ́, ọmọ a sì tọ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1977 sọ irú nǹkan báyìí nípa àwọn Digo ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá bímọ. Nígbà tí mo mẹ́nu bà á, irinṣẹ́ náà ní òun mọ̀ nípa rẹ̀. Kí ló wá dé tí kò fi sọ ọ́ títí mo fi rán an létí?

Ohun tí ó já mi láyà ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Bí a bá ti gbé e lé póò, yóò na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, yóò fún ìdí pọ̀, yóò sì máa sunkún. Irinṣẹ́ náà ní ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ líle ti dun ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀rù sì máa mú un dì í mọ́ra, bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti ń dì í ni yóò máa le sí i. Ó ní kí n pa póò tì fún ìgbà díẹ̀, kí n máa fún un ní omi, ìbẹ́pẹ àti ọsàn. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè oògùn, ó dárúkọ ọ̀kan, ó sì sọ ìwọ̀n tí n óo fún un láìbéèrè pé kílò mélòó ni ọmọ wọ̀n. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti wá sọ pé kí n rí dókítà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ìwọ̀n oògùn ọmọdé lọ́wọ́ irinṣẹ́ yìí. Wesley Guild ni mo gbé ọmọ lọ, ilé ìwòsàn tí Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, tí káàdì tí a fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ sì ti ara iṣẹ́ tí ó ṣe ní agbègbè wa yìí jáde. Orí ìwọ̀n ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé ọmọ lé, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó sì bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé níbo ni ó ń dùn ún, kí ọ̀rọ̀ oògùn tó wáyé rárá.

Ẹ má ṣe kọ orúkọ ọmọ sínú irinṣẹ́ náà, ẹ má sì ya àwòrán ọmọ tí ó jókòó lórí póò ránṣẹ́ sí i. “Ọmọ mi” nìkan ni mo ń pè é níbẹ̀. Irinṣẹ́ náà ní kí n ra ìwé alẹ̀mọ́ tó ní àwòrán ìràwọ̀, kí n máa fi yin ọmọ. Ní ti ìyá ọkọ mi, wọ́n ki oríkì ọmọ, wọ́n fi “ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn” kún un, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gbé póò rẹ̀ wá kí wọ́n lè kì í.

Ní báyìí, ìdí rẹ̀ ń gbẹ lọ́sàn-án, àti nílé àti ní jẹ́léósinmi. Ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní lóru. Irinṣẹ́ náà ní àwọn ọmọ púpọ̀ ṣì ń tọ̀ sílé títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún, dókítà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi pẹ̀lú, nítorí náà mo tẹ́ ọ̀rá sí abẹ́ aṣọ ibùsùn rẹ̀, n kò sì bi irinṣẹ́ náà léèrè lórí ìyẹn mọ́.