Iṣẹ́ Àwòrán Inú Ara fún Ọmọ Tí Wọ́n Pààrọ̀ Ẹ̀dọ̀ Rẹ̀ ní Ilẹ̀ England

Bí àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ wa bá ń sọ̀rọ̀ nípa pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ọmọ, dókítà tó mú ọ̀bẹ ni wọ́n máa ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ti dókítà tó ń ka àwòrán inú ara àwọn ọmọdé, nítorí pé lẹ́yìn tí ọmọbìnrin wa gba ẹ̀dọ̀ titun, ẹnu dókítà yìí ni gbogbo àwọn yòókù ń wò kí wọ́n tó pinnu ohunkóhun.

Biliary atresia ló ń ṣe ọmọ wa, àìsàn tó máa ń dí ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ ìkókó, tó sì ń sún ọmọdé dé orí pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ju àìsàn mìíràn lọ. Ilé ìwòsàn mẹ́ta ni NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ti ń ṣe é fún ọmọdé ní England, ní London, Birmingham àti Leeds, ọ̀kan nínú wọn ló sì gbà wá.

Apá òsì tí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ni wọ́n fún un. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn wá sínú rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dì nínú iṣan yìí, àwọn ọ̀nà omi òróòro, tí kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo Doppler, ìyẹn sikáànì tó ń fi ìṣàn ẹ̀jẹ̀ hàn, lójoojúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà wa kì í jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Fúnra rẹ̀ ló ń wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò sì dúró títí ọmọ yóò fi dákẹ́, nítorí pé ẹkún máa ń da àwòrán náà rú. Ó ṣàlàyé fún wa pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọlé sábà máa ń wà láàárín 0.5 sí 0.8, pé ó lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ nítorí wíwú ẹ̀dọ̀ láìsí ewu, ṣùgbọ́n pé bó bá lọ sílẹ̀ jù, iṣan lè ti fún níbì kan. Ẹ̀rọ kì í dá ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹ̀dọ̀ ọmọdé ló ń rí i.

Bí Doppler kò bá fi iṣan hàn dáadáa, dókítà wa lè fi abẹ́rẹ́ fún ọmọ ní oògùn tó ní afẹ́fẹ́ wínníwínní nínú, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ hàn dáadáa nínú sikáànì, kí ó má baà tètè gbé e lọ sábẹ́ ìtànṣán ẹ̀rọ CT. Ọdún 2016 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún sikáànì ẹ̀dọ̀ ọmọdé.

Mo mọ iyì ìrírí yìí dáadáa nígbà tí a lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn kan nítòsí ilé wa, tí ẹni tó ṣe sikáànì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí iṣan náà. Ìdààmú bá wa gan-an. Nígbà tí dókítà wa gbé ẹ̀rọ lé ọmọ níkùn lọ́jọ́ kan náà, ó rí iṣan náà, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń múra sílẹ̀, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa ka sikáànì lóru àti ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyẹ̀wò àárọ̀ kùtùkùtù, nítorí pé wọn kì í sábà jẹ́ kí ọmọ jẹun ṣáájú rẹ̀.