Ọkọ̀ Àyálò fún Ìpẹja Onídẹ Ìyẹ́ ní Etíkun Ìlàjẹ Lásìkò Ọyẹ́

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ti ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Ìgbókòdá, tí ó máa ń gbé àwa tí a ń pẹja fún ìgbádùn, láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó, lọ sí etíkun Ìlàjẹ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò ní pátákó, kò sì polówó iṣẹ́ rẹ̀ níbì kankan. Ní èbúté ni ènìyàn ti ń bá a pàdé. Ìdájọ́ mi ni pé owó tí ó ń gbà tọ́ sí i lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìdẹ ìyẹ́ pẹja, ìyẹn ìwọ̀ tí a di ìyẹ́ adìyẹ àti irun ẹran mọ́ títí tí yóò fi jọ ẹja wẹ́wẹ́, tí ó jẹ́ pé ìwúwo okùn fúnra rẹ̀ ni a fi ń jù ú síwájú. Ẹni tí ó kàn fẹ́ ẹja ọbẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ọjà Ìgbókòdá ti tó o.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé òkun tiwa kì í ṣe bí àwọn tí ń kọ̀wé nípa ìpẹja ìgbà òtútù ṣe ń sọ. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn lórí irú ìpẹja yìí ti wá, òtútù láti àríwá lè dé lójijì kí omi tí kò jìn sì tutù ju bí ẹja ṣe lè fara dà á lọ. Ní oṣù Kínní ọdún 2010, ó pa ẹja lọ rẹpẹtẹ níbẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní snook. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí apẹja fa ìdẹ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó wá ibi tí omi ti jìn, kí ó sì dúró de oòrùn ọ̀sán. Ní Ìlàjẹ, ọyẹ́ a máa bẹ́ ètè, a sì máa mú kí ènìyàn wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù ní ìdájí, ṣùgbọ́n omi òkun fúnra rẹ̀ kì í sábà kúrò ní nǹkan bíi 27 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius lásìkò náà. Ẹja kò sùn rárá. Bí ẹ bá fa ìdẹ jẹ́jẹ́ níwájú ẹja kúta, yóò kàn máa wò yín ni.

Ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe fún wa ni pé ó ń mú kí òkun rọlẹ̀. Ìgbì ńlá tí ń lu etíkun wa kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ ìtòsí nìkan; èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti inú òkun gúúsù jíjìnnà réré bọ̀, níbi tí ìjì ti máa ń le jù ní àwọn oṣù tí òjò ń rọ̀ níhìn-ín, nítorí pé ìgbà náà gan-an ni òtútù tiwọn. Ìgbà òjò yìí kan náà ni odò máa ń ru ẹrẹ̀ wá sókun. Tí ó bá fi di oṣù Kejìlá, òjò ti dá, ìgbì ti dínkù, omi sì ti là díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o, nítorí etíkun Ìlàjẹ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń rí ẹja nínú omi bí ẹni wo dígí.

Níbi yìí ni ìmọ̀ ọlọ́kọ̀ náà ti kọ́kọ́ wúlò. Etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó pín sí ọ̀nà méjì: ní apá ìwọ̀-oòrùn, lágbègbè Ararọ̀mí, iyanrìn ni, bí a bá sì ti ń lọ sí apá ìlà-oòrùn, ó di ẹrẹ̀ rírọ̀, tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Àlejò sábà máa ń fẹ́ lọ sí Ayétòrò, nítorí ìtàn ìlú náà, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ti dé etí wọn. Kò burú kí ènìyàn lọ wò ó, kí ó sì rí bí òkun ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ dà bí ọ̀gì fún ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ojú ẹja láti rí ìdẹ. Òpó àwọn ilé tí omi ti gbé lọ sì lè wà nísàlẹ̀, tí okùn yóò há sí. Ẹja àpò wà nínú ẹrẹ̀ náà dáadáa, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni ó ti ń jẹun, edé tútù lórí ìwọ̀ lásán sì sàn fún un ju ìyẹ́ lọ. Ọlọ́kọ̀ yìí sọ gbogbo èyí fún mi kí a tó dúnàá dúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ì bá gbé mi lọ síbẹ̀ kí ó sì gba owó rẹ̀. Ararọ̀mí ni ó ní kí a lọ, ó sì gba inú odò tí ó wà lẹ́yìn etíkun, láìfi ojú ọkọ̀ kan ìgbì.

Ìmọ̀ rẹ̀ kejì ni ti wákàtí. Ní òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, láti orí ilẹ̀ sójú omi, ó sì ń tẹ́ ìgbì etí iyanrìn pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó bá kọjú sí òkun níbẹ̀, gúúsù ni ó kọjú sí, nítorí náà afẹ́fẹ́ yìí ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì bọ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń ju ọ̀pá, ó ń gbé okùn síwájú fún un, ó sì ń gbé ìwọ̀ jìnnà sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun yóò yí padà láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, iwájú lápá ọ̀tún nìyẹn, gbogbo ìwọ̀ tí ẹ bá sì jù ni yóò máa wá ojú yín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ gbéra ní aago mẹ́wàá kò mọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹni tèmi ní kí a ti wà ní èbúté kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ó rọra wakọ̀ nínú odò títí ìkùukùu fi ká, kò sáré rárá.

Ní ti ẹja, kúta ni ẹ óò fi ojú sọ́nà fún jù, àti jáàkì tí ń lé ẹja wẹ́wẹ́ wá sí etí iyanrìn. Bí ẹyẹ bá ń ṣùrù bo ojú kan, ẹja ló wà níbẹ̀, ẹ má ṣe dúró bèèrè. Tarpon, ẹja ńlá kan, náà wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Senegal dé Àǹgólà, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti torí rẹ̀ yálò ọkọ̀. Ọ̀pá nọ́ńbà 8 tàbí 9 tó; nọ́ńbà yìí ni ó ń sọ ìwúwo okùn tí ọ̀pá náà lè jù. Ẹ ra okùn tí a ṣe fún ilẹ̀ gbígbóná, nítorí èyí tí a ṣe fún omi tútù a máa rọ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ra nínú oòrùn wa. Ẹ sì so wáyà tín-ín-rín mọ́ ìwọ̀, torí eyín kúta.

Àléébù iṣẹ́ náà kò kéré. Jákẹ́ẹ̀tì tí ń múni léfòó tí ó wà nínú ọkọ̀ kò tó iye àwa tí a wọ̀ ọ́, ọ̀kan sì ti já lókùn. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò, ẹ gbé tiyín dání láti ilé. Ọkọ̀ pákó ni, egungun rẹ̀ àti ìṣó inú rẹ̀ sì máa ń kọ́ okùn tí a bá fà sílẹ̀. Èmi máa ń gbé bàsíà kan lọ, inú rẹ̀ ni mo ń ká okùn sí. Owó bẹntiróòlù kò sí nínú iye tí ó kọ́kọ́ dá, bí ẹ kò bá sì béèrè, ẹ óò gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá dé àárín omi. Ó tún máa ń dúró gbé èrò àti ẹrù lójú ọ̀nà, àfi bí ẹ bá sọ fún un ṣáájú pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ gba ọkọ̀.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Jákẹ́ẹ̀tì ni ó gba ọ̀kan tí ó kù. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹja pẹ̀lú. Ó gbà pé ẹja tí ẹ bá pa tí ẹ kò sì dá padà sómi, òun ní ìpín nínú rẹ̀, kò sì lóye ìdí tí ẹnì kan yóò fi pa kúta tó gùn bí apá tí yóò tún tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ sọ ọ́ ní èbúté, kí ẹ sì fi nǹkan kún owó rẹ̀.