Kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ṣe kí n tó wọ kíláàsì: ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo fún un

Ẹni tó bá ń kánjú, ìdáhùn mi rèé: kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe tíṣà yìí dáa, àmọ́ ibi tó ti dáa kọ́ ni wọ́n ń polówó. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ni fídíò 40 àti sátífíkéètì, ohun tó sì sọ mi di ẹni tó lè dúró níwájú àwọn ọmọ láìlàágùn, ìlà kan péré ni wọ́n fi sọ ọ́ nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ráyè, ẹ jókòó ká jọ sọ ọ́.

Ó nídìí tí mi ò fi kọ ọ́ lọ́jọ́ tá a parí. Ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní sátífíkéètì náà ni wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́ pé ká wá sọ bó ṣe rí lára wa, lọ́jọ́ yẹn ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn, gbogbo wa ń ya fọ́tò, ta ló fẹ́ rí àléébù kankan. Mo ní kí n kọ́kọ́ wọ kíláàsì ná. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, mo ti mọ èyí tó bá mi wọlé nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa àtèyí tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bí wọ́n ṣe tò ó ni pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdánrawò nínú yàrá kékeré láàárín ara wa, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn wọ́n mú wa lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì àwọn tíṣà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a jọ ṣe é ló ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́, ìwé ti kún wa lórí, ọwọ́ wa ló ṣófo.

Kí n tètè sọ ti fídíò kí n kúrò níbẹ̀. Síláìdì lórí síláìdì, ẹnì kan á wá máa ka ohun tó wà lára ẹ̀ fún wa bíi pé a ò mọ̀wé kà. Wọ́n ní ká há àwọn ìpele Bloom sórí, ìyẹn bí onímọ̀ ẹ̀kọ́ Benjamin Bloom ṣe to ìrònú ọmọ látorí kó kàn rántí nǹkan lọ sókè, èyí tó jáde ní 1956, a há a, wọ́n dán wa wò, a páàsì, àmọ́ kò sígbà kankan tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa mú àkòrí kan kó fi bi ìbéèrè tó máa mú ọmọ ronú kọjá kó kàn rántí ohun tí tíṣà sọ lánàá. Wọn ò tiẹ̀ sọ fún wa pé wọ́n ti tún un tò ní 2001, tí wọ́n gbé kéèyàn dá nǹkan tuntun sílẹ̀ lọ sókè téńté. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni fídíò tó ní ká pín àwọn ọmọ sọ́nà mẹ́ta, ẹni tó jẹ́ pé ojú ló fi ń mọ̀wé, ẹni tó jẹ́ pé etí ni, ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ni, ká wá máa kọ́ kálukú ní tiẹ̀. Ẹ gbà mí o! Láti 2008 ni Harold Pashler àtàwọn onímọ̀ mẹ́ta míì ti tú àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì sọ pé kò sí ẹ̀rí tó tó láti fi máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì. Ọmọ kan náà ni, tó bá fẹ́ mọ máàpù á fojú wò ó, tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan á fetí gbọ́ ọ, ohun tá a fẹ́ kọ́ ọ ló ń pinnu ẹ̀. Tíṣà tó bá tẹ̀ lé fídíò yẹn á máa múra ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí táàmù tó parí á ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni nǹkan yí padà, ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní microteaching. Dwight Allen àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Stanford ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, kò sì díjú rárá. O máa kọ́ni fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, èèyàn mẹ́rin márùn-ún á jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, nǹkan ẹyọ kan lo máa fi dánra wò lọ́jọ́ yẹn, bóyá bó o ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tàbí bó o ṣe ń béèrè ìbéèrè, wọ́n á ká ẹ sílẹ̀ lórí fídíò, ẹ ó jọ wò ó, wọ́n á sọ ibi tó yẹ kó o tún ṣe, wàá sì tún dìde kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí agbára ẹ̀ wà nìyẹn, kó o tún dìde. Mo ti bá àwọn tó ṣe kọ́ọ̀sì ibòmíì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó o kọ́ni, wọ́n á bẹnu àtẹ́ lù ẹ́, ó parí, o gbé ìtìjú ẹ lọ sílé. Ní tiwa, ọjọ́ náà gan-an lo máa tún un ṣe, kí òógùn ojú ẹ tó gbẹ.

Fídíò mi àkọ́kọ́, ẹ ò rí nǹkan. Ìṣẹ́jú méje ni, mo ń kọ́ wọn ní ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, mo rò pé mo dáńtọ́. Ni tútọ̀ wa bá ní ká ka iye ìgbà tí mo sọ pé "ṣé ó yé yín?" Ìgbà 14. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, nínú ìgbà 14 yẹn kò sí ẹyọ kan tí mo dúró gbọ́ èsì, mo ti kọjú sí bọ́ọ̀dù, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo "ó yé wa!" lẹ́yìn mi bí ẹgbẹ́ akọrin. Obìnrin náà (ó jù wá lọ dáadáa, Mà la máa ń pè é) wá wò mí, ó ní:

"Ta lo rò pé ó máa dìde níwájú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó sọ pé kò yé òun?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà."

"Mi ò bínú. Jókòó, kọ ìbéèrè kan tó jẹ́ pé tí ò bá yé e, ẹnu ẹ̀ ò ní lè purọ́."

Mo jókòó, mo kọ ọ́: èwo ló pọ̀ jù, ìdá kan nínú mẹ́rin àbí ìdá kan nínú mẹ́jọ, kí nìdí? Mo padà dìde. Méjì nínú àwọn tó ń pariwo "ó yé wa" ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ló pọ̀ jù, torí pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá eré ọmọdé tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe àbí tinú wọn nìyẹn, mi ò sì bi wọ́n, àmọ́ oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ọmọ tòótọ́ kan fún mi ní èsì kan náà gẹ́lẹ́, ó tiẹ̀ bínú sí mi pé mo ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ló kan dídúró. Mary Budd Rowe ló ṣe ìwádìí tí wọ́n fi kọ́ wa, ó rí i pé tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè tán, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló ń fún àwọn ọmọ kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó fúnra ẹ̀ dáhùn, nígbà tí wọ́n sì fà á gùn dé mẹ́ta, èsì àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tó ń nawọ́ pọ̀ sí i, "mi ò mọ̀" dín kù. Ẹ lè máa rò pé kí ni ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ dìde dúró níwájú èèyàn kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Mà dúró sẹ́yìn yàrá, ó ń fi ìka kà á fún mi, ìka kan, ìka méjì, gbogbo yàrá pa lọ́lọ́, ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu, ẹnu ń yún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dánra wò kó tó mọ́ mi lára. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́ fún mi jù báyìí, bẹ́ẹ̀ kò gba nǹkan kan ju kéèyàn pa ẹnu ẹ̀ dé.

Ti bí wọ́n ṣe ń kápá kíláàsì, mo gbádùn ẹ̀ débi pé mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Wọ́n pín ìwé kékeré fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní bòńkẹ́lẹ́, ẹnì kan á máa gbẹ́ pẹ́ńsù, ẹnì kan á sùn, ẹnì kan á máa ju bébà, ọ̀gbẹ́ni kan tó ti bí ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní kó máa sunkún, ó sì sun ún débi tí àwọn ará yàrá kejì fi wá yọjú pé kí ló ṣẹlẹ̀. Èmi ní tèmi ń kọ̀wé sójú bọ́ọ̀dù, mo kẹ̀yìn sí wọn pátápátá, ìgbà tí màá fi yíjú padà ọjà ti dàrú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní Jacob Kounin, tí àbájáde iṣẹ́ ẹ̀ jáde ní 1970, ti wo ọ̀pọ̀ kíláàsì lórí fídíò, ó sì rí i pé bí tíṣà ṣe ń báni wí lẹ́yìn tí nǹkan ti bà jẹ́ kọ́ ló ya tíṣà tí kíláàsì ẹ̀ tòrò sọ́tọ̀, ohun tó ń ṣe kó tó bà jẹ́ ni: káwọn ọmọ mọ̀ pé ó ń rí gbogbo kọ̀rọ̀ bíi pé ojú wà ní ìpàkọ́ ẹ̀, kó lè máa bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ kó sì máa wo ti ìyókù, kí ẹ̀kọ́ máa lọ láìsí pé ó ń dúró wò suu. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè fẹ̀gbẹ́ kọ̀wé sójú bọ́ọ̀dù. Ìwé mi wọ́ lára bọ́ọ̀dù báyìí, àmọ́ bébà ò fò mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀. Tútọ̀ méjì ló wà, orí ló sì ń bá ẹni yan èyí tó máa kàn án. Mà kì í sọ ju nǹkan kan lọ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọ́ pàtó, á sì dúró kó o tún un ṣe lójú ẹ̀. Ẹnì kejì, "ẹ káre, ó dáa gan-an, ẹ tẹra mọ́ ọn" ni ṣáá, fún gbogbo èèyàn, àtẹni tó ṣe dáadáa àtẹni tó gbàgbé àkòrí tó ń kọ́. Ìyìn dùn létí o, àmọ́ àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ káwọn wá wo fídíò tiwa. Irú nǹkan yìí ò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ oríire.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn náà, wọ́n kàn ní ká lọ jókòó ká máa wò ni. Ká máa wo kí ni? Ẹni tí ò tíì kọ́ni rí, tó bá wo tíṣà tó mọṣẹ́, á dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan ni, torí gbogbo ohun tó ń ṣe ti wọ̀ ọ́ lára. Kí wọ́n ti sọ pé lónìí ẹ wo ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan, lọ́la ẹ ka àwọn ọmọ tó pè. Ọjọ́ kẹta ni èmi àti ẹni tá a jọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì gbọ́n, tá a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra wa, ibẹ̀ ni mo ti rí bébà kékeré tí tíṣà kan ń pín nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìbéèrè kan, ìdáhùn kan, ọmọ á fi lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń jáde. Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó báyìí. Kò sí nínú kọ́ọ̀sì o, ojú wa la fi jí i.

Àwọn nǹkan míì tí wọn ò fẹnu kàn: ohùn. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọṣẹ́ ni ohùn mi lọ, mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ ha, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n má máa pariwo bo ariwo mọ́lẹ̀, pé kí n dákẹ́ títí ariwo á fi wálẹ̀, kí n sì máa mumi. Máàkì ńkọ́? Ìwé àwọn ọmọ 38, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mò ń fi bírò pupa kọ lẹ́tà sí ọmọ kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ń ṣú mọ́ mi lọ́wọ́, kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè mú àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ kó sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì pa pọ̀. Wọ́n kọ́ wa ní lẹ́sìn nóòtù olójú ewé mẹ́jọ fún ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 40, mi ò tíì rí tíṣà kan láyé tó ń kọ irú ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí mi ò lè gbójú fò ni ẹni tí wọ́n ní ó máa máa bẹ̀ wá wò lẹ́yìn kọ́ọ̀sì. Wọ́n ní fún oṣù mẹ́ta tá a bá wọṣẹ́, ẹnì kan á máa wá wò wá nínú kíláàsì, á máa tọ́ wa sọ́nà. Kò sẹ́ni tó wá. Mo pè, wọ́n ní "a máa kàn sí yín." Bẹ́ẹ̀, láti àwọn ọdún 1980 ni Bruce Joyce àti Beverly Showers, àwọn tó ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ tíṣà, ti ń sọ ọ́ pé tí wọ́n bá ṣàlàyé fún tíṣà, tí wọ́n fi hàn án, tó tún dánra wò, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń dé inú kíláàsì ẹ̀ tí kò bá sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sá fún wa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà mélòó lẹ máa dìde kọ́ni, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ máa tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye fídíò fún yín, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ní tiwa, àwa mẹ́ta la kó ara wa jọ. A gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé kálukú wa, ohùn tiwa nìkan la ń ká sílẹ̀, a kì í ya àwọn ọmọ, alẹ́ Sátidé la máa ń gbọ́ tara wa, ẹnì kan á sì sọ nǹkan kan péré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ka "ṣé ó yé yín" mi, ó ti wálẹ̀ sí méjì. Ọ̀gbẹ́ni tó sunkún yẹn ní mẹ́ta ni òun gbọ́. A ṣì ń jà lórí ẹ̀.