Àpáàdì, yangí àti èédú: àgbéyẹ̀wò ohun tí mo fi ń gbin bọ́ńsáì n'Íbàdàn

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń tọ́jú igi kéékèèké inú àwo, èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní bọ́ńsáì, ní ẹ̀yìnkùlé mi n'Íbàdàn. Igi ọdán mẹ́ta, osè kan, àjàgbọn méjì àti bougainvillea kan ló wà lórí pèpéle mi lónìí. Ọdán kẹrin ti kú. Ohun tí mo gbìn ín sí ló pa á, kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé àwọn ohun tí mo ti lò láti ìgbà náà, èyí tó dára nínú wọn àti èyí tí n kò ní fọwọ́ kàn mọ́.

Ọwọ́ ẹnì kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ni mo ti ra àpò ilẹ̀ kan tí ó ní bọ́ńsáì ni wọ́n dìídì pò ó fún. Nígbà tí mo tú u, ilẹ̀dú ni, tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ àti ìyẹ̀fun igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ó dúdú, ó rọ̀ lọ́wọ́, mo gbin ọdán kẹrin yẹn sí i, ewé sì yọ dáadáa fún bí oṣù méjì. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lórí ilẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó wọlé, mo sì rò pé ohun rere ni, pé igi náà ń mumi yó. Kó tó di ìparí oṣù kẹjọ, ewé ti pupa rúsúrúsú, wọ́n ń já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo da àwo náà dé, gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀ sì jáde lódidi bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí a yọ nínú agolo. Gbòǹgbò ìsàlẹ̀ ti dúdú. Nígbà tí mo fi ìka méjì fa ọ̀kan, èèpo ara rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, ó ku fọ́nrán tín-ín-rín kan, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti omi gọ́tà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ní ṣòro láti yé ẹni tó bá ní fóòmù tí a fi ń fọ àwo nílé. Ẹ rẹ fóòmù náà sínú omi, ẹ gbé e ní pẹrẹsẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ro títí tí kò fi ní kán mọ́. Bí ẹ bá wá gbé e nàró, omi mìíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Omi kan wà tí ilẹ̀ máa ń dá dúró nísàlẹ̀ ìkòkò, tí ihò ìdí ìkòkò kò lè mú jáde, ibi tí omi yìí sì ga dé kò yàtọ̀ nínú ìkòkò gíga àti nínú àwo pẹlẹbẹ, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ inú wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú garawa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbòǹgbò wà lókè omi yìí. Nínú àwo bọ́ńsáì tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí igi. Bí ilẹ̀ bá ṣe kúnná tó ni omi náà ṣe ń ga tó. Nítorí náà, ilẹ̀ tó ń mú ẹ̀fọ́ ta yọ lóko lè pa igi inú àwo láìjẹ́ pé ilẹ̀ náà burú.

Àwọn ará Japan ń lo akadama, ilẹ̀ pupa kan tí wọ́n ń wà ní agbègbè Kanto, pàápàá ní Tochigi, tó jẹ́ pé eérú òkè ayọnáyèéfín ló di ilẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé ní London bá mi mú àpò kékeré kan bọ̀ nígbà kan, mo sì fi gbin ọdán kan. Ohun dáadáa ni. Hóró kọ̀ọ̀kan ń fa omi sára, afẹ́fẹ́ sì ń kọjá láàárín hóró kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń fọ́ di ẹrẹ̀, owó tí a ó sì fi gbé ilẹ̀ gba inú ọkọ̀ òfurufú kò bójú mu rárá. Mo wá pinnu pé màá wá ohun tiwa tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì yẹn.

Àpáàdì ni mo rí. Ẹni tó bá ti mu omi inú àmù rí mọ ìdí rẹ̀: àmù máa ń làágùn, omi ń gba ara amọ̀ sísun jáde díẹ̀díẹ̀, èyí ló sì ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù. Mo lọ sí Ìpetumodù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé, mo sì bá òkìtì àfọ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sun ún. "Kí lo fẹ́ fi àpáàdì ṣe, ọmọ mi?" ni màmá tó ni ibẹ̀ bi mí. Mo ní, "Màmá, igi ni mo fẹ́ gbìn sí i." Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n ní kí n kó iye tí mo bá lè gbé, àmọ́ kí n má kó èyí tí iná kò mú dáadáa.

Ìmọ̀ràn yẹn kó mi yọ. Àpáàdì tí iná kò mú yóò padà di amọ̀ nínú omi, nítorí náà mo máa ń rẹ gbogbo èyí tí mo bá fọ́ sínú omi mọ́jú. Èyí tó bá yòrò, mo ń dà á nù. Mo tún máa ń kán omi sí i lára. Lórí àpáàdì tó dára, ẹ̀kán omi náà ń wọlé lójú ẹsẹ̀, ojú ibi tó kán sí nìkan ló ń ṣókùnkùn. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rà fún kọnkéré, ó ń jókòó roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Àfọ́kù táìlì àti ti àwo tó ń dán kò wúlò nítorí wọn kì í fa omi. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kò jẹ́ kí igi rí irin fà nínú ilẹ̀: nígbà tí mo dán an wò, ewé tuntun bougainvillea mi pupa rúsúrúsú, iṣan rẹ̀ nìkan ló dúró ní àwọ̀ ewé.

Yangí ló tẹ̀ lé e. Ó wà káàkiri, pàápàá níbi tí àgbàrá bá ti gbá ilẹ̀ òkè lọ, hóró rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí n kò tíì rí èyí tó fọ́ nínú àwo. Omi tó ń fà kò tó ti àpáàdì. Ẹ̀bi rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé irin inú rẹ̀ máa ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ igi, mú, tí ajílẹ̀ tí a fún igi kò fi ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán, nítorí náà n kì í jẹ́ kí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ní ti èédú, èyí tó kù nídìí ààrò tó, bí a bá ti fọ eérú ara rẹ̀ kúrò. Ó fúyẹ́, kì í jẹrà, ó sì ń jẹ́ kí àwo rọrùn láti gbé, èyí tí mo mọ rírì rẹ̀ gan-an nígbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀ tí mo ní láti kó àwo méje wọlé.

Èèpo àgbọn láti ọ̀nà Àgbádárìgì dára fún bíbo ojú àwo nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí a rẹ ẹ́ kí a sì da omi rẹ̀ nù ní ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Èèpo ẹkùrọ́ kó èèrà jọ sílé mi nítorí epo ara rẹ̀. Mo dà á nù. Ìyẹ̀fun igi tútù, mi ò jẹ́ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó, torí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un jẹrà ló ń jẹ náítírójìn tó yẹ kí igi jẹ. Yanrìn odò kúnná jù, àfi èyí tí a bá fi ajọ̀ kù.

Kíkù yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi lo àpáàdì, n kò kù ú dáadáa, igi náà kò sì ṣe dáadáa rárá ju ti inú ilẹ̀dú lọ, torí pé lẹ́búlẹ́bú àpáàdì ti dí gbogbo àyè tó wà láàárín àwọn hóró. Nǹkan méjì ni mo ń lò báyìí: nẹ́ẹ̀tì wáyà oníhò mílímítà 6, àti ajọ̀ tí wọ́n fi ń ku gàrí, èyí tí mo fara balẹ̀ yàn lọ́jà kí ihò rẹ̀ lè tó mílímítà 2. Èyí tó bá kọjá nínú nẹ́ẹ̀tì tí kò sì lè kọjá nínú ajọ̀ ni mo ń fi gbin igi, hóró rẹ̀ wà láàárín ìrẹsì tó fọ́ sí ẹ̀wà kékeré. Lẹ́yìn náà mo ń fi omi ṣàn án títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ gaara. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ́n omi sí àpáàdì kí ẹ tó fọ́ ọ, kí ẹ sì bo imú àti ẹnu yín, nítorí eruku rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Fún ọdán, ìwọ̀n àpáàdì márùn-ún, yangí méjì, èédú méjì àti ìwọ̀n kan ajílẹ̀ tó ti jẹrà tán ni mo ń pò pọ̀. Fún osè, tó ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sì fẹ́ kí ìdí òun rin nígbà náà, mo yọ ajílẹ̀ kúrò, mo sì fi òkúta wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo irú àpòpọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀ tó nǹkan. Mo ń tú ìwọ̀nba ajílẹ̀ oníkẹ́míkà NPK 15-15-15 sínú omi, ìdajì ṣíbí tíì sí lítà 5, ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà òjò, mo sì ń bomi rin àwọn igi náà, àyàfi osè, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nígbà ọyẹ́, torí pé ó ń tètè gbẹ. Ẹni tí kì í gbélé kò ní gbádùn rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ náà pọ̀: odindi ọjọ́ Sátidé kan ni mo fi fọ́ èyí tó tó àwo mẹ́rin, apá sì ro mí di ọjọ́ kejì.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, bí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ tán, mo yọ ọdán tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú àpòpọ̀ yìí. Hóró àpáàdì ṣì le bí ọjọ́ tí mo fọ́ wọn. Gbòǹgbò funfun ti gba inú wọn kọjá, àwọn kan tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú àpáàdì débi pé nígbà tí mo fà wọ́n, àpáàdì ló bá gbòǹgbò wá. Mo gé ìdá kan nínú mẹ́ta gbòǹgbò náà kúrò, mo ku àpáàdì ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fọ̀ ọ́, mo sì tún fi í gbin igi kan náà.