Gbígba ẹ̀dà ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù l'Ékìtì: ohun tójú mi rí

Màá kọ́kọ́ sọ máàkì tí mo fún wọn kẹ́ ẹ tó máa ka ìyókù: mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún. Bàbá akọ̀wé kan ló ni ọ̀pọ̀ nínú máàkì ọ̀hún, tí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, ọ̀kan ṣoṣo ni wọn ì bá gbà lọ́wọ́ mi. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni mò ń sọ o, ní ìlú kan l'Ékìtì níbí, mi ò ní dárúkọ ìlú náà torí mo ṣì máa sọ ohun tó bí mi nínú níbẹ̀.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti túká tipẹ́, kọ́ọ̀tù dájọ́, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n fún mi nígbà náà, òjò ló bà á jẹ́ lọ́dún tí ìjì ṣí páànù ilé wa. Mi ò wá òmíì, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Àfìgbà tí Ọlọ́run ṣe é tí ẹlòmíì tún rí mi (ẹ bá mi dúpẹ́ jàre), tá a fẹ́ lọ ṣe tiwa ní rẹ́jísírì ká tó lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n bá ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo ti kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, pásítọ̀ náà ní òun ò ní dúró níwájú ìjọ kóun máa bi wọ́n pé ta ló mọ ìdí tí àwọn méjèèjì ò fi gbọdọ̀ fẹ́ra, kí ìyá ọkọ àtijọ́ wá naró láàárín èrò. Mi ò lè bá a jà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyá yẹn? Ó lè ṣe é dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ rántí irú ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe, torí òun ló máa sọ ibi tí fáìlì yín wà. Tó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, wọ́n san owó orí, wọ́n sìn yín délé ọkọ, tí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ sì tú u ká, ibẹ̀ náà lẹ máa padà sí, èyí tó gbọ́ ẹjọ́ yín gan-an o, kì í ṣe èyí tó bá ṣáà sún mọ́ ilé yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti buwọ́ lùwé ní rẹ́jísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ò lẹ́nu ńbẹ̀ rárá, High Court lẹ máa lọ, lábẹ́ òfin Matrimonial Causes Act ti 1970. Obìnrin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ, ó ti jókòó láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, ìgbà tọ́sàn-án pọ́n ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi í pé níbo lẹ ti ṣègbéyàwó, ó ní rẹ́jísírì, wọ́n ní há, ìyá, High Court ni tiyín. Ó kù díẹ̀ kó bú sẹ́kún. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ bi èèyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ti High Court náà lọ́wọ́ tiẹ̀ nínú. Àbúrò mi kan tó wà ní Kánádà ní kí n bá òun gba tòun l'Ádó, ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ìwé méjì ló wà ńbẹ̀. Èyí tí adájọ́ máa ń kọ́kọ́ fúnni ni wọ́n ń pè ní decree nisi, ìyẹn ò tíì fòpin sí ìgbéyàwó o, ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kó tó di decree absolute, absolute yẹn sì ni àwọn tòkè òkun ń bèèrè. Nisi ni àbúrò mi ti kọ́kọ́ fún wọn, wọ́n dá a padà. Ṣùgbọ́n òun ní nọ́ńbà ẹjọ́ tiẹ̀ lórí fóònù, HAD ló fi bẹ̀rẹ̀ bíi ti High Court Adó, ó kọ lẹ́tà pé òun fún mi láṣẹ láti bá òun gbà á, mo mú ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ mọ́ ọn, kò pẹ́ rárá tó fi bọ́ sí i.

Èmi ò ní nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Fáìlì ò sí lórí kọ̀ǹpútà o. Orí pẹpẹ ló wà, èyí tí pẹpẹ ò gbà wà nílẹ̀, wọ́n fi okùn di ti ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi tò ó, kì í ṣe orúkọ. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn, tó ń jẹ gúgúrú, ní tí kò bá ti sí nọ́ńbà kí n máa lọ sílé kí n lọ rántí ẹ̀. Rántí kí ni? Ta ló ń há nọ́ńbà ẹjọ́ sórí? Mo ti ń kó báàgì mi nígbà tí bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn pè mí padà. Ó bi mí pé ọdún wo, mo sọ fún un, ó ní ṣé ìgbà ọyẹ́ ni àbí ìgbà òjò, mo ní ọdún Àjíǹde ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ó fa ìwé rẹ́jísítà kan yọ, ìwé ńlá tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ra, ó fi itọ́ kan ìka, ó ń ṣí i, ó ń fi rúlà sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà, ó ń ka orúkọ àwọn èèyàn wúyẹ́wúyẹ́. Olùpẹjọ́ lápá òsì, olùjẹ́jọ́ lápá ọ̀tún, ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wá. Àwọn orúkọ tí mo rí níbẹ̀, ẹ ṣá jẹ́ n panu mọ́, àwọn tọkọtaya kan tí gbogbo wa rò pé wọ́n ṣì wà pa pọ̀.

Ó wá orúkọ mi títí, kò rí i. Èkìtì ìjìnlẹ̀ ni bàbá yìí sì ń sọ, èmi ọmọ Ọ̀mùò gan-an ń tẹ́tí. Ló bá gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló já ìwé fún ta? Ìwọ ni àbí ọkọ?" Mo ní ọkọ ni. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè padà, apá ọ̀tún ló ń wò lọ́tẹ̀ yìí, kò sì pẹ́ tá a fi bá a. Orúkọ ọkọ ni wọ́n kọ mọ́ tèmi, mo sì ti padà sí orúkọ bàbá mi láti ọjọ́ yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ ti ń jẹ́ rí sínú ìwé, ẹ kọ ti ọkọ tàbí ìyàwó àtijọ́ náà, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ rántí ọdún àti oṣù, kẹ́ ẹ sì mọ ẹni tó gbé ẹnì kejì lọ sí kọ́ọ̀tù. Àwọn nǹkan yẹn ló máa bí nọ́ńbà fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo kọ lẹ́tà sí réjísírà, mo kọ nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ àwa méjèèjì, ọjọ́ ìdájọ́, pé ẹ̀dà tí kọ́ọ̀tù fọwọ́ sí ni mo fẹ́, tí wọ́n ń pè ní CTC. Mi ò gba lọ́yà kankan, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Wọ́n bi mí pé ṣé gbogbo àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni àbí ìdájọ́ nìkan, mo ní ìdájọ́ nìkan, torí iye ojú ewé ni wọ́n fi ń ṣírò owó, kí ni mo tún fẹ́ fi gbogbo èébú tí ọkọ mi bú mi níwájú kọ́ọ̀tù ṣe? Owó ọ̀hún ò wọ́n. Ìdúró ló pọ̀.

Ohun tó bí mi nínú nìyí. Ọkùnrin kan máa ń wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, ó wọ kóòtù, ó ń pe gbogbo obìnrin tó bá ń bọ̀ ní "màdáámù mi", ó ní òun á bá mi gba ìwé náà lọ́jọ́ yẹn gan-an tí n bá lè kó owó sílẹ̀, iye tó dá lé mi sì tó ra àpò ìrẹsì. Mo ní rìsíìtì ńkọ́, ó ní ẹ̀yin màdáámù yìí ẹ ti le jù. Ohun tí irú wọn ń gbé jáde, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí wọ́n lu sítáǹpù lé lórí ni, tí ẹnì kan bá pe kọ́ọ̀tù wádìí ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó tán. Àwọn tinú ọ́fíìsì ń rí ọkùnrin yìí lójoojúmọ́ o, wọ́n tiẹ̀ ń kí i. Ọmọbìnrin gúgúrú náà tún ní kò síná, kí n mú owó epo jẹ́nẹ́ wá kí wọ́n lè ṣe fọ́tòkọ́pì. Mo ní kò burú, kó kọ rìsíìtì epo fún mi. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ epo kú síbẹ̀.

Nígbà tí ìwé wá jáde, wọ́n lu sítáǹpù lé e, ẹnì kan sì fa sáìnì wẹ́rẹ́ sí i, kò sí ọjọ́, kò sí orúkọ. Mi ò gbà á. Evidence Act 2011, abala 104, là á sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó ní ẹ̀dà tó bá ti san owó tó yẹ, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, kó fi ọjọ́ sí i, kó buwọ́ lù ú, kó kọ orúkọ àti ipò ẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ń ráhùn pé ta ló máa wo ìyẹn, bàbá ní kó lọ ṣe é bó ṣe yẹ, ó sì lọ ṣe é. Ẹ̀dà méjì ni mo gbà lẹ́ẹ̀kan náà, mo so rìsíìtì mọ́ wọn, ti rẹ́jísírì kan, tèmi kan, mo ti kó tèmi sínú ọ̀rá.

Ẹ má lọ nígbà ìyanṣẹ́lódì o, ẹ rántí 2021 tí JUSUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù, ti gbogbo kọ́ọ̀tù pa láti April títí wọ June, kò sẹ́ni tó lè rí bébà kan gbà. Tí ẹjọ́ yín bá sì ti wà ṣáájú October 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, àwọn èèyàn máa sọ fún yín pé Àkúrẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní kọ́ọ̀tù tó gbọ́ ẹjọ́ náà, torí bàbá yẹn fi rẹ́jísítà ayé Oǹdó hàn mí lórí pẹpẹ tiwọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó náwó mọ́tò.