Iwájú orí mi dára, ẹ wo ìpàkọ́ mi: àgbéyẹ̀wò ilé ìwòsàn tí mo ti gbin irun ní Istanbul

Ṣọ́ọ̀bù bábà mi ní Ṣùúrùlérè ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Irun tí mo gbìn ti hù, ọkàn mi balẹ̀, mo wá ní kó bá mi gé féèdì bí mo ṣe máa ń gé e tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yìn wálẹ̀ dé awọ, kí irun díẹ̀ kù lókè. Kílípà gòkè lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọkùnrin náà sì pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìpàkọ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kí ló jó yín lórí?” Ó gbé dígí sẹ́yìn mi. Àmì funfun róbótó, kéékèèké, láti etí dé etí, bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí mi lórí. Àwọn tó jókòó tí wọ́n ń retí kàn dákẹ́. Ìbínú dí mi lọ́fun.

Àpá fúnra rẹ̀ kọ́ ló bí mi nínú. Ta ni kò mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ara, àpá á wà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ obìnrin ilé ìwòsàn náà tó ń bá mi dúnàádúrà lórí WhatsApp ló ń dùn mí. Kí n tó san kọ́bọ̀ ni mo ti sọ fún un pé féèdì ni mo máa ń gé, mo sì bi í bóyá ibi tí wọ́n bá ti ṣí irun ní ìpàkọ́ lọ gbìn síwájú máa hàn. Ó fi ohùn ránṣẹ́, ó ṣì wà lórí fóònù mi di òní: kò sí àpá rárá, FUE, ìyẹn ṣíṣí ìdí irun lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í dá àpá sára. Mo sọ fún un pé àbúrò mi obìnrin ní kílọ́ìdì, àpá tó máa ń wú sókè, níbi tí wọ́n ti lu etí rẹ̀. Ibi tí mo ti ń retí ìbéèrè lọ́dọ̀ dókítà, iye owó àti àwòrán òtẹ́ẹ̀lì ló fi ránṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán ojú kékeré kan wò lórí mi, kí wọ́n dúró wo bó ṣe máa jiná. Wọn ò dán nǹkan kan wò.

Ìdí irun 3,000 ni wọ́n ní àwọn máa ṣí. Ẹ jẹ́ ká rò ó pa pọ̀: ìdí irun kan, ihò kan, ihò kan, àpá kan. FUT, níbi tí wọ́n ti máa ń gé awọ orí pẹ̀lú irun rẹ̀ bí ọ̀já, ìlà gígùn kan ló ń fi sílẹ̀ ní ìpàkọ́. Nítorí pé FUE kò ní ìlà yẹn ni wọ́n ṣe ń pariwo pé kò ní àpá. Ó ní in, ó kàn fọ́n ká ni. Lára àwọ̀ dúdú bíi tiwa, ibi tó bá jiná lè má padà ní àwọ̀ mọ́, funfun rẹ̀ á sì máa yọ bí irun bá ti lọ sílẹ̀.

Wọ́n tọ́jú mi níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ọkọ̀ pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, yàrá mọ́ tónítóní. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan di ọwọ́ mi mú nígbà tí wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ lórí, èyí tó dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ, kò sì fi mí sílẹ̀ títí ara fi kú. Ọlọ́run á bùkún un. Ṣùgbọ́n dókítà fa ìlà síwájú orí mi, ó jáde, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ṣí irun. Ògbufọ̀ lọ jẹun ọ̀sán. Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ń ṣí lemọ́lemọ́, mo sọ ọ́, mo fi ọwọ́ júwe, kò sí ẹni tó gbọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn ló hàn jù lónìí.

Lẹ́yìn ti ọ̀dọ̀ bábà, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ padà sí i. Ó dákẹ́. Mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní dókítà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Dókítà pè mí ní fídíò lóòótọ́, kò sì yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní irun tiwa máa ń ká lábẹ́ awọ, pé bí irin tí wọ́n fi ń ṣí i bá kéré jù, ó máa gé ìdí rẹ̀, nítorí náà wọ́n lo èyí tó fẹ̀ díẹ̀, ihò sì fẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní àmì náà kò ní lọ. Ó ní kí n má jẹ́ kí kílípà lọ sílẹ̀ ju nọ́ńbà 2 lọ ní ẹ̀yìn, àti pé wọ́n lè fi aró tó jọ àwọ̀ mi kun ojú àpá náà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣá, wọn á sì ní láti tún un ṣe. Ó tọrọ àforíjì pé wọn kò sọ èyí fún mi ṣáájú. Ó tù mí lára gidigidi láti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹnì kan nínú wọn. Owó ọkọ̀ òfurufú, èmi ni màá san án, ìyẹn kò dára.

Iwájú ńkọ́? Ó dára débi pé ìyàwó mi kì í gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ìlà irun náà kò rí bí ohun tí wọ́n gbìn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi fìlà bo ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó ní kí wọ́n fi fọ́tò ìpàkọ́ aláwọ̀ dúdú tó gé irun rẹ̀ sílẹ̀ han òun, kì í ṣe ti iwájú. Bí wọn kò bá ní in, kó má san owó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.