Reverse mortgage lórí ilé Màámi: ohun tí ojú àwa ọmọ rí lẹ́yìn ikú wọn

Reverse mortgage ni ẹ̀yáwó tí àgbàlagbà ń gba lórí ilé tó ń gbé, tí wọn kì í san padà títí ó fi kú tàbí kó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yáwó yìí tọ́jú Màámi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n ti lé ní ọdún 62 tí òfin Amẹ́ríkà là sílẹ̀ kí wọ́n tó gba HECM, irú reverse mortgage tí FHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀yáwó ilé, ń ṣe onídùúró fún, sórí ilé wọn ní Maryland. Títí tí wọ́n fi kú, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà lóṣooṣù. Owó orí ilé àti ìnṣọ́ránsì ni tiwọn. Owó náà ni wọ́n fi tún òrùlé ṣe, òun ni wọ́n fi ra oògùn, wọn ò na ọwọ́ sí ọmọ kankan. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè náà ni mo fún ní méjì. Lẹ́yìn tí mo fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́, orúkọ Màámi ni wọ́n ṣì ń kọ sára lẹ́tà. Tí mo bá pè, ẹlòmíràn ló máa gbé e, á tún ní kí n fi ìwé kan náà ránṣẹ́. Wọn ò sọ iye gbèsè fún mi rárá, àfi ìgbà tí mo gba Letters of Administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun-ìní olóògbé, lọ́dọ̀ Register of Wills, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ogún. Gbogbo àkókò yẹn, èlé ń gorí èlé, nítorí ikú kì í dá a dúró.

Òfin fúnra rẹ̀ ṣàánú ọmọ olóògbé. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún wa láti sọ bóyá a máa san gbèsè, a máa ta ilé, àbí a máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Oṣù 6 wà láti parí rẹ̀, a sì lè tọrọ àfikún ọjọ́ 90 lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní gbèsè ju iye ilé lọ, kò ní kan àpò wa: ọmọ tó bá fẹ́ ilé á san 95% iye tí wọ́n dá lé e, ọ̀rọ̀ parí.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n díye lé ilé ní $400,000, gbèsè sì jẹ́ $250,000. Ìyẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín àwa mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní Abẹ́òkúta kọ́kọ́ fárí gá: “Ilé ìyá wa, kí ló kan báńkì níbẹ̀?” Mo ní, “Bọ̀dá mi, Màámi ti ná lára owó ilé yẹn kí wọ́n tó lọ.” Ó dákẹ́, ó ní kí n fi ìwé tí Màámi fọwọ́ sí hàn òun. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Nígbà tó rí ìfọwọ́sí wọn, ó rọ̀.

Màámi ò ṣe ìwé ìhágún, nítorí náà orí-ò-jorí ni òfin Maryland pín in: $150,000 tó kù, ọmọ mẹ́rin, $37,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àbúrò wa obìnrin ló ń gbé pẹ̀lú Màámi. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń gbé wọn lọ sí dialysis, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn nítorí àìsàn kíndìnrín. Ilé náà ló sì fẹ́. Bọ̀dá fúnra wọn ló sọ pé kí ó san $25,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àwa yòókù. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Àbúrò wa gba mọ́gééjì tuntun, ìyẹn ẹ̀yáwó ilé, ó san gbèsè, ó fún wa ní tiwa. Bọ̀dá lọ fọwọ́ sí ìwé tiwọn níwájú òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó; $50 ni wọ́n ń gbà lórí èdìdì kan.

Tí òbí yín bá ní irú ẹ̀yáwó yìí, ẹ béèrè ibi tí ìwé rẹ̀ wà báyìí tí wọ́n wà láàyè. Tí ẹ bá sì ti dé ìdí sísan, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé iye gbèsè. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, iye ti yí padà. Ẹ gba tuntun lọ́sẹ̀ tí ẹ máa san án.